Mo kọ "should have", wọ́n kà á sí òdì: ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti àárọ̀ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ pọ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣágámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ àná, màmá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù mi tó yẹ kí wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní aago 10. Bó ṣe kù díẹ̀ kí aago lù ni wọ́n gbé aláboyún kan wọlé tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, gbogbo wa sáré lọ bá a. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, màmá ti sùn. Ife oògùn kékeré tí mo gbé síwájú wọn ti ṣófo, omi inú kọ́ọ̀bù ti lọ sí ìdajì, ọmọ wọn obìnrin tó jókòó tì wọ́n sì sọ fún mi pé wọ́n ti lò ó. Nígbà tí mo wá ń kọ ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa láàárọ̀, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé "ó yẹ kí wọ́n ti lo oògùn wọn." Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí: "Patient should have taken her drugs at 10pm."

Dókítà tó wọlé láàárọ̀ kà á pé màmá ò lo oògùn. Wọ́n ti ń tú òmíràn jáde kí ọmọ wọn tó pariwo pé wọ́n ti lò ó lálẹ́. Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì gbé e mì. Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́, kúẹ́rì ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ fèsì.

Èmi kọ pé wọ́n lò ó, wọ́n kà á pé wọn ò lò ó. Kí ló fà á? Kí ni ǹ bá ti kọ?

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run ló yọ yín, ìwọ àti màmá yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì lè ka iye ìgbà tí mo rí àṣìṣe yìí nínú ìwé wọn. Kì í ṣe òpè ló ń ṣe é. Yorùbá tó wà lọ́kàn ẹ tọ̀nà, òun gan-an ló sì mú ọ ṣìnà.

"Ó yẹ kó ti" ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́nu wa. Ìyàwó tó ń retí ọkọ ẹ̀ láti Èkó wo aago, ó ní, "Ó yẹ kó ti dé Ṣágámù báyìí." Ìrètí nìyẹn, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tí ọkọ wá yọ lóru, ó ní, "Ó yẹ kó o ti dé láti aago mẹ́fà!" Ẹjọ́ nìyẹn. "Should have" náà ní ojú méjèèjì. "He should have reached Sagamu by now" jẹ́ ìrètí, "You should have come at six" jẹ́ ẹ̀bi. "By now" yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìrètí. Àmọ́ tó o bá ti dárúkọ aago tó ti kọjá, tí ohun tí ò ń sọ sì jẹ́ ojúṣe, irú bí oògùn lílò, elédè Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbọ́ ìrètí níbẹ̀ rárá. Ohun tó máa gbọ́ ni pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀, kò sì ṣẹlẹ̀. Dókítà yẹn ò ṣì í kà.

"Must have" lò ń wá. Jẹ́ kí n mú ọ lọ sí Sábó níbẹ̀ ní Ṣágámù. Ká ní o lọ sí ìsọ̀ Àlájì kan tó ń ra obì, o bá ilẹ̀kùn ní títì. Agbọ̀n obì tó kún iwájú ìsọ̀ lánàá ò sí níbẹ̀ mọ́. Àpá táyà ọkọ̀ ńlá wà nínú ẹrẹ̀, ewé tí wọ́n fi ń bo obì já sílẹ̀ káàkiri. O ò rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n o rí ipasẹ̀ ẹ̀. "A lorry must have come in the night." Ó ní láti jẹ́ pé ọkọ̀ wá lóru. Ká wá ní kò sí àpá táyà, kò sí ewé, àfi pé agbọ̀n ò sí níbẹ̀. Ó di "He may have sold them," tàbí "He might have taken them inside," tàbí "Somebody could have stolen them." Bóyá ó ti tà á, ó ṣeé ṣe kó ti kó o wọlé, àfàìmọ̀ kí olè má ti gbé e. Má jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn yọ ọ́ lẹ́nu, kò tó nǹkan. Tí ẹnì kan bá wá ní Àlájì ti bá ọkọ̀ lọ sí Kánò, tó sì jẹ́ pé ìwọ àti Àlájì ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ara yín ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni: "He can't have gone to Kano." Kò lè jẹ́ pé ó ti lọ.

Ní ti kíkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kì í yí padà, "have" ló ń tẹ̀ lé e, kì í di "has" tàbí "had" láé, lẹ́yìn náà ni "taken", "gone", "seen" á wá wọlé, kì í ṣe "took", "went", "saw". "She must has took" tí àwọn ọmọ máa ń kọ, àṣìṣe méjì ló wà nínú ẹ̀.

Màtírọ́nì Ìlíṣàn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ ṣe là á yẹn, èmi náà jàǹfààní ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí kọ "must have" sínú ìwé aláìsàn.

Ìdí ẹ̀ nìyí. Tí mo bá kọ "She took her drugs", èmi ni mo rí i. Tí mo bá kọ "She must have taken her drugs", létí ẹlòmíràn ó dà bí ẹni pé ó tiẹ̀ dájú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí "must" ń dún bí àṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti tú àṣírí pé mi ò sí níbẹ̀, àbá ni mò ń dá. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí òjò ń pa lójú títì kì í sọ pé "ó ní láti jẹ́ pé òjò ń rọ̀." Ẹni tó jókòó sínú yàrá, tó gbọ́ ariwo lórí páànù, òun ló ń sọ ọ́.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun tí a ò bá kọ, bí ẹni pé a ò ṣe é ni. Ohun tí a bá sì kọ, ẹlòmíràn á fún aláìsàn ní oògùn lórí ẹ̀. Nítorí náà ohun tí ojú ẹ rí àti ohun tí etí ẹ gbọ́ ni kó o kọ, kó o sì sọ ẹnu tó o ti gbọ́ ọ: "10pm dose not witnessed. Cup found empty. Daughter states patient took it." Kò sí "should", kò sí "must", kò sí "might". Dókítà ló máa dá àbá, ìwọ ni kó o kó ẹ̀rí fún un.

Ọ̀kan tún kù tí kì í ṣe ti gírámà, mò ń sọ ọ́ fún ọ bí ìyá. A kì í gbé oògùn síwájú aláìsàn ká lọ. Mo mọ̀ pé aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ ò ṣeé fi sílẹ̀, èmi náà ǹ bá sáré lọ. Ṣùgbọ́n ò bá kọ́kọ́ gbé ife oògùn yẹn kúrò níwájú màmá.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù

Ẹ ṣé mà. Òótọ́ lẹ sọ, ó wọ̀ mí lára. Mo gbà.

Ìyá Olóbì Ṣágámù

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Tíṣà mú Sábó wọ̀ ọ́, ó di dandan kí n dá sí i! Èmi ò lọ jìnnà nídìí ìwé, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Lọ́dún tó kọjá mo tọ́jú agbọ̀n obì mẹ́ta nínú ewé, mò ń dúró kí owó ẹ̀ gbéra. Ẹnì kan wá bá mi, owó tó dá a lé ò burú, mo ní rárá. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo tú u, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Ẹ bá mi wo obì tí wọ́n ti dá lu kalẹ̀ bí ajere. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ọmọ mi ní wọ́n ní kí àwọn túmọ̀ "ǹ bá ti tà á" níléèwé, ó kọ "I should have sold it," tíṣà wọn fà á nígi, wọ́n ní "I would have sold it." Èwo ló tọ́? Èmi tí mo sọ ọ́, inú ló ń bí mi sí ara mi nígbà tí mo sọ ọ́ o.

Ògbufọ̀ Kóòtù, Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ mi nìyẹn lójoojúmọ́, kí n gba Yorùbá lẹ́nu ẹlẹ́rìí kí n fi Gẹ̀ẹ́sì lé e lọ́wọ́ adájọ́, ọ̀rọ̀ "ì bá" yìí ló sì ń gba làákàyè mi jù.

Ọmọ yín jàre, tíṣà náà jàre. "Ǹ bá ti tà á" tiwa gbòòrò, Gẹ̀ẹ́sì sì gé e sí ọ̀nà mẹ́ta. "I should have sold it" ni ti ẹni tó ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi: ó tọ́ kí n tà á, mi ò tà á, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ara mi. Èyí tó wà lọ́kàn yín nìyẹn. "I could have sold it" kì í dá ẹ̀bi, àǹfààní ló ń rántí: oníbàárà wà, ọwọ́ mi tó o, mo jẹ́ kó kọjá. "I would have sold it" kì í dá dúró, ó ń retí ẹnì kejì. Ẹni tó gbọ́ ọ á máa retí kẹ́ ẹ sọ ohun tó dí yín lọ́wọ́ tàbí ohun tẹ́ ò mọ̀: "I would have sold it, but the buyer did not come back." "If I had known, I would have sold it." Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti tà á. Tí gbólóhùn tí tíṣà fún wọn bá ní "ká ní mo mọ̀" níwájú, "would" ló tọ́. Tó bá jẹ́ "ǹ bá ti tà á" nìkan, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, "should" lèmi máa kọ.

Ká wá sọ pé ẹ tà á, tí owó obì sì gbówó lérí lọ́jọ́ kejì. "I shouldn't have sold it," ǹ bá má tà á. Ká sì ní ẹ tà á nítorí owó ilé ìwé, ẹ délé, ẹ bá a pé bàbá àwọn ọmọ ti san án. "I needn't have sold it," mo tà á, kò tiẹ̀ pọn dandan.

"Could have" ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún. Ẹlẹ́rìí kan lè ní, "Ó lè jẹ́ pé ó rí mi." Ẹlòmíràn á ní, "Ká ní ó bojú wẹ̀yìn ni, ì bá rí mi." Tí ògbufọ̀ bá sọ ọ́ di "He could have seen me" fún àwọn méjèèjì, ó ti da ẹjọ́ rú. Ti àkọ́kọ́, a ò mọ̀ bóyá ó rí i. Ti ìkejì, kò rí i. Bí mo ṣe ń yà wọ́n nìyí: "He may have seen me" fún ti àkọ́kọ́, "He would have seen me if he had looked back" fún ti ìkejì.

Ìyàtọ̀ kan sì wà láàárín "may have" àti "might have" tí Tíṣà ò dé ibẹ̀. Ká ní ọkọ̀ gbókìtì ní interchange Ṣágámù, tí awakọ̀ jáde nínú ẹ̀ láìfarapa. "He might have been killed," ọkọ̀ yẹn ì bá pa á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi "He may have been killed" ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ fún un ni pé ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ọkọ ẹ̀ wà láàyè. Ẹ wo irú àìsùn tó máa fà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Ohun tí ìwé ò kọ́ mi kí n tó dé ibí ni pé wọn kì í pe "have" yẹn jáde. "Should have" á dún bí "ṣúdọ̀f", "must have" á dún bí "mọ́stọ̀f", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń gbọ́ ọ láìmọ̀ pé ohun tí mo kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń sọ. Nítorí bó ṣe ń dún yìí, àwọn ọmọ oníGẹ̀ẹ́sì fúnra wọn máa ń kọ "should of". Ẹ má ṣe dara yín láàmú láti kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, àwọn tíṣà wọn náà ń fà á nígi.

Ọ̀kan tún wà tó jọ mí lójú. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀pà, lọ fún ìyá òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nítorí wọ́n bá mi tọ́jú ọmọ lọ́jọ́ tí ìyàwó mi wà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ọ̀rá lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Oh, you shouldn't have!" Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé wọ́n ní kò tọ́ kí n gbé e wá. Mo ti na ọwọ́ láti gbà á padà kí n tó rí i pé omi lé sí wọn lójú, wọ́n sì fà á mọ́ àyà. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ohun kan náà ni pẹ̀lú "ẹ̀ bá má yọ ara yín lẹ́nu" tí àwọn ìyá wa ń sọ tí wọ́n á sì máa tú ìdí ẹrù. Láti ọjọ́ náà, ohùn ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Bákan náà ni "You must be tired" àti "It must have been hard for you." Kì í ṣe pé wọ́n ń bá yín ṣẹjọ́, wọ́n ń bá yín kẹ́dùn ni. Òun ló sún mọ́ "ẹ kú ìnira" jù lọ nínú èdè wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ní ìbéèrè méjì. Ṣé "mustn't have" kọ́ ni òdì "must have"? Èkejì, mò ń kọ iṣẹ́ lórí ogun Ìmágbọn ọdún 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà nítorí ọ̀nà òwò. Mo kọ pé, "If the Ijebu would have opened the road, the British would not attack." Olùkọ́ mi fi ìlà sí i nídìí, kò sọ nǹkan kan.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́

Rárá o. Òdì "must have" ni "can't have". "Mustn't" jẹ́ èèwọ̀, kò gbọdọ̀. Má lò ó fún àbá.

Ní ti Ìmágbọn, "would" kì í wọ ẹ̀gbẹ́ "if" bẹ́ẹ̀. "If the Ijebu had opened the road, the British might not have attacked." Wo ohun tí mo ṣe ní ìparí. Mo lè fi "would not have" síbẹ̀, gírámà á gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló lè búra? Òwò tó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí òkè, sí Ìbàdàn àti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó ń lé. Bóyá wọn ì bá dúró ká ní a ṣí ọ̀nà, bóyá wọn ì bá wá ìdí mìíràn. Òpìtàn tó kọ "would" ń sọ pé òun mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa tó kú níbẹ̀ ni, àbá wa gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ara ẹ̀.

Ọmọ Ìpẹ́rù, Houston

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Níbí, wọ́n ń lo "must not have" fún àbá dáadáa. Mo pe ẹnì kan, kò dáhùn: "He must not have heard me." Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé. "He can't have heard me" gan-an ló ń ṣe wọ́n bí èdè ìlú òkèèrè.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́

O ṣeun. Òótọ́ ni, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, mo yẹ kí n ti sọ pé ti Bírítéènì ni mò ń kọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́, kọ "can't have" fún WAEC àti fún olùkọ́ ẹ. Tó o bá gbọ́ "must not have" lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, má ṣe rẹ́rìn-ín ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù
Àìkú, ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kúẹ́rì tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó kí n tó tẹ̀ ẹ́:

"I did not see the patient take her drugs. I met the cup empty and her daughter told me that she had taken them. I should have written exactly that. I should also have removed the drugs before I left the bedside."

Màtírọ́nì Ìlíṣàn

Ó dáa gan-an. "Should have" méjèèjì wà ní àyè wọn báyìí, o ò ṣe nǹkan wọ̀nyẹn, o sì ń gbà pé ó yẹ kó o ṣe é. Ìkan ló kù. "I met the cup empty" jẹ́ "mo bá ife ní òfìfo" tiwa. Èèyàn ni Gẹ̀ẹ́sì ń "meet". Yí i sí "I found the cup empty."

Ògbufọ̀ Kóòtù, Ìjẹ̀bú-Òde

"That she had taken them" dára púpọ̀. O fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tó ni ín.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù

Mo ti yí i. Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà, gbogbo yín. Màmá lọ sílé láàárọ̀ yìí. Ọmọ wọn ní kí n bá wọn kọ aago oògùn sára páálí, kí àwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́.